Join: Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Gbé Àjàgà Sọ́rùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja yíyan ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ó gbé fọ́ọ̀mù kan wá bá mi nílé. Ó ti ká a sáàárín ìwé tó fi ń ṣírò ọjà, òórùn ẹja sì ti mú un. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń tajà, fẹ́ yá mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ àwọn kan tó ń yáni lówó, wọ́n sì ní kó mú onídùúró mẹ́rin wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìkẹrin.

"Tíṣà, bá mi wo ibí yìí." Ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ ewé kejì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn onídùúró ló máa dáhùn fún gbèsè náà, jointly and severally.

Mo bi í pé, "Kí lẹ rò pé ó túmọ̀ sí, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣebí joint náà ni? Ká jọ ṣe é. Àwa mẹ́rin, mílíọ̀nù kan. Tí Ìyá Ìbejì ò bá wá rí i san, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ₦250,000 ló máa kàn mí. Severally yẹn ni ò yé mi. Àbí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa wá gbà á?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mi ò lè rín in. Joint tó rò pé òun mọ̀ yẹn gan-an ni ò yé e.

Òdú ni, kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Àwọn àgbà ìlú wa tiẹ̀ ní inú oko òdú ni orúkọ Ìkòròdú ti jáde, pé Oko Òdú ni wọ́n ń pè é kó tó yí padà lẹ́nu èèyàn. Bí òdú ni join ṣe rí. Kò sẹ́ni tí ò mọ ewé ẹ̀ nínú wa, gbòǹgbò ẹ̀ la ò tíì hú wò.

Ẹ ṣáà wo iye ìgbà tó ń pàdé wa lójúmọ́ kan. Mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò mi ṣe ní Ágíríìkì á wọ abẹ́ ọkọ̀, á yọjú, á ní, "Ògá, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì yín ti lọ." Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà náà á ní jọ́ìǹtì ń dun òun, oríkèé ara ló ń sọ. Káfíńtà ní òun ò ní fi ìṣó kan àga yẹn, jọ́ìǹtì lòun máa gbẹ́ sí i. Ẹlẹ́tíríìkì ń jọ́ìn wáyà lókè àjà. Ọmọ tó jókòó ti ìwé lábẹ́ iná ń múra JAMB, Joint ni J àkọ́kọ́ yẹn dúró fún, nítorí ní 1978 ni ìjọba kó ìgbaniwọlé àwọn yunifásítì jọ sójú kan. Ṣáájú ìgbà náà, kálukú wọn ló ń gba ọmọ tiẹ̀. Tó bá wá di alẹ́, àwọn ọkùnrin àdúgbò á lọ jókòó sí jọ́ìǹtì, wọ́n á máa fi pẹpẹsúùpù lé ọtí. Èyí tí orí ẹ̀ ò pé láàárín wọn á fa jọ́ìǹtì mìíràn yọ lápò, á ṣáná sí i.

Àbúrò mi kan wà ní London. Ní ọjọ́ Àìkú kan ó kọ̀wé sí Màmá wa lórí WhatsApp pé òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ jọ jókòó, wọ́n ní joint tó dùn gan-an. Màmá ò sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́ la tó rí ẹni ṣàlàyé fún wọn pé ẹran ni: àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ègé ẹran ńlá, tí alápatà gé láti oríkèé, tí wọ́n sì sun lódindi, ní joint. Màmá ní kí wọ́n máa pè é ní ẹran.

Ohun tó ń dà á rú mọ́ wa lójú ni pé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá join dọ́gba. Èdè tiwa á kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ so pọ̀ ná, kí lẹ sì fẹ́ fi so ó? Okùn là ń so. Pákó là ń kàn. Bébà là ń lẹ̀, aṣọ là ń rán mọ́ra, irin là ń jó pọ̀. Ẹgbẹ́ là ń wọ̀, ìlà ni à ń tò sí. Òyìnbó á fi join gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé, tá a bá rí join nínú ìwé, èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn la máa ń mú, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tó rọni lọ́rùn jù: ká jọ ṣe é.

Mo tún fẹ́ràn junction, tó jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Òyìnbó dúró síbi tí ọ̀nà ti kan ọ̀nà, ó ní wọ́n so pọ̀ níbí. Yorùbá dúró sójú ibẹ̀ gan-an, ó ní ọ̀nà yà níbí, ó pè é ní ìyànà. Ẹ wo Ìyànà Ìpájà, ẹ wo Ìyànà Ìbà. Ilẹ̀ kan náà ni, èdè kan rí ìpàdé, èkejì rí ìpínyà. Èrò inú ọkọ̀ Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù tó bá ké sí kọ́ńdọ́tọ̀ pé "Jọ́ńṣọ̀n, ó wà o!" kò sì ráyè bi ara ẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì lòun ń sọ.

Ó yá, ká hú gbòǹgbò. Ní 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun England, èdè wọn sì wọ kóòtù, ààfin àti ìdí ọjà níbẹ̀. Joindre ni wọ́n ń pe kí èèyàn so nǹkan méjì di ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1300, join ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Joint tẹ̀ lé e: ohun tí wọ́n ti so pọ̀ ni. Ọwọ́ Látìnì ni Faransé ti gbà á, iungere ni Látìnì ń pè é. Iungere yìí ní ìbátan kan tímọ́tímọ́ nínú èdè kan náà, orúkọ ẹ̀ ni iugum.

Iugum ni àjàgà.

Ìkòròdú kì í fi màlúù túlẹ̀, ọkọ́ àti àdá làwọn bàbá wa mọ̀. Màlúù tá a mọ̀ lèyí tí wọ́n kó wá láti òkè ọya fún ẹran Iléyá àti ìnáwó. Nítorí náà inú Bíbélì nìkan ni púpọ̀ nínú wa ti pàdé àjàgà, a ò fojú rí i. Ẹ fojú inú wò ó. Igi kan gbọọrọ, ó wúwo, wọ́n gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn akọ màlúù méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n wá so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ àárín ẹ̀. Igi kan, ọrùn méjì. Tí ọ̀kan bá dúró, èkejì ò lè lọ. Tí ọ̀kan bá ṣubú lulẹ̀, orí ọrùn èyí tó ṣì dúró ni gbogbo igi àti gbogbo ẹrù náà wà. Ohun tí àwọn ará Róòmù ń rí lójú oko nìyẹn nígbà tí wọ́n bá sọ pé a so nǹkan pọ̀.

Yoke tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àjàgà náà, ọmọ ìyá kan ni òun àti join, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò jọra lójú. Látìnì àti Gẹ̀ẹ́sì bára tan láti ìgbà láéláé, ohùn wọn ló yà. Ibi tí Látìnì bá ti pe g, Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pe k. Oko ni ager lédè Látìnì, ó di acre lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, acre táwọn tó ń ta ilẹ̀ fi ń wọn ilẹ̀ fún wa. Orúnkún ni genu, ó di knee. Wọ́n ṣì ń kọ k yẹn síwájú ẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ pè é mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iugum àti yoke. Lẹ́tà i tó ṣíwájú ẹ̀, bíi y ni wọ́n ń pè é ní Róòmù, Faransé ló sọ ọ́ di j. Yoke jókòó sílé látìbẹ̀rẹ̀, join lọ sí ìdálẹ̀ ó padà wá, ni wọn ò bá dá ara wọn mọ̀ mọ́. Òmíràn nínú wọn lọ sí Íńdíà, ó di yoga. Òmíràn jókòó sí ilẹ̀ Gíríìkì, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mú zygote, tí ọmọ SS máa ń há sórí: ohun tí ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin máa ń dà tí wọ́n bá ti di ọ̀kan.

Gíríìkì yìí ló mú mi dé ibi tó máa ń bí àwọn tọkọtaya nínú tí mo bá sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó. "Ohun tí Ọlọ́run bá so ṣọ̀kan, kí ènìyàn má ṣe yà wọ́n." Màtíù 19:6 ni, gbogbo pásítọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Joined together ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Nínú Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run fi àwọn méjèèjì sábẹ́ àjàgà kan náà. Látìnì pàápàá fi iugum yìí kan náà pe tọkọtaya, ibẹ̀ ni conjugal ti wá. Ẹ wá ṣí 2 Kọ́ríńtì 6:14. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ní kí Kristẹni má ṣe wọ àjàgà tí kò dọ́gba pẹ̀lú aláìgbàgbọ́, yoked ni wọ́n kọ. Àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá kọ ọ́ pé kí ẹ má ṣe fi àìdọ́gba dàpọ̀ pẹ̀lú wọn. Mi ò bá wọn jà, ó dùn létí. Àmọ́ igi náà ti fara pamọ́ sábẹ́ dàpọ̀.

Àwọn ará Róòmù tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ta wá lọ́rẹ náà jẹ níbẹ̀. Ní ọdún 321 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Samnite, ẹ̀yà kan tó ń bá Róòmù jagun, ká àwọn ọmọ ogun Róòmù mọ́ ọ̀nà tóóró kan láàárín òkè, tí wọ́n ń pè ní Caudine Forks. Wọn ò pa wọ́n. Wọ́n ri ọ̀kọ̀ méjì mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ìkẹta dábùú ẹ̀ bí àjàgà, wọ́n ní kí gbogbo wọn tẹ̀ ba, kí wọ́n gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Irú ìtìjú báyẹn ló wà nínú subjugate: kí wọ́n fi èèyàn sábẹ́ àjàgà. Junta táwọn oníwèé ìròyìn ń pe ìjọba ológun náà, ará ilé ni, ọ̀dọ̀ àwọn Sípéènì ló gbà wá.

Ti jọ́ìǹtì ọlọ́tí ò gùn. Àwọn tó ń tọpa ọ̀rọ̀ ní ó jọ pé yàrá kékeré tí wọ́n so mọ́ ara yàrá ńlá ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ará Ireland, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ó di kọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ti ń fa ohun tí ò dáa, ó tún di ilé ọtí èyíkéyìí, kó tó wá di orúkọ igbó tí wọ́n wé náà. Tí ìyá yín bá fajú ro nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ sí jọ́ìǹtì, kò ṣẹ̀ yín.

Ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilẹ̀ tó lẹ́jọ́ nínú, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè ní ìńjọ́ńṣọ̀n, òun náà ní iungere nínú. Àṣẹ tí ilé ẹjọ́ so mọ́ èèyàn lọ́rùn ni. Enjoin, ìyẹn kéèyàn pàṣẹ fúnni, náà rí bẹ́ẹ̀. Kò bá enjoy tan rárá o, ọ̀dọ̀ joy ni tiẹ̀ ti wá. Mo ń sọ ọ́ nítorí akéde kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń pa méjèèjì dà.

"Tíṣà, ìtàn yìí dùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀, "àmọ́ fọ́ọ̀mù ń dúró."

Òótọ́ ni. Mo gbé e padà sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ rántí igi yẹn. Jointly, gbèsè kan ni, ọrùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Wọn ò pín in sọ́nà mẹ́rin. ₦250,000 tí ẹ ṣírò yẹn, kò sí níbì kankan nínú ìwé yìí."

Severally kì í sọ iye ìgbà. Inú ìdílé separate ló ti wá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló túmọ̀ sí. Kálukú dá dúró fún gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá wá lẹ méjèèjì mọ́ra, ẹni tó yáni lówó di gbogbo wọn mú pọ̀, ó sì tún di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lọ́tọ̀. Ó lè pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́jọ́. Ó lè fi mẹ́ta sílẹ̀, kó gba mílíọ̀nù kan àti èlé orí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan. Ẹni tó bá san án lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìpín àwọn yòókù lọ́wọ́ wọn o, òfin fún un láyè ẹ̀. Àmọ́ òun àtàwọn ló máa jọ fà á. Ẹni tó yáni lówó ti gba owó ẹ̀, ó ti lọ sùn.

Láyé àtijọ́, tí gbèsè bá pẹ́ jù, wọ́n á rán ológò sí ajigbèsè. Ológò á wá ká ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á máa jẹ, á máa mu, á máa pariwo, títí ojú á fi ti ará ilé tí wọ́n á san án. Ológò ayé ìgbà yẹn kàn mọ ilé kan tó ń lọ ni. Fọ́ọ̀mù yìí fún tòde òní nílé mẹ́rin, pé kó yan èyí tó bá wù ú.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Nínú ẹ̀yin mẹ́rin, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá?"

Kò dáhùn kíákíá. Ó ń ṣírò ẹ̀ lójú. Ọ̀kan ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Kánádà. Ọkọ ìkejì, ọlọ́pàá ni. Ìkẹta ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tiẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló ní.

"Èmi ni," ló wí. "Ta ni ò mọ fírísà mi ní Sábó?"

Ó wá jókòó dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní nǹkan mìíràn tó ti wà lọ́kàn ẹ̀. Ó ní òun àti ọkọ òun ní joint account, ṣé ìyẹn náà ní àjàgà nínú? Mo ní ó wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní báńkì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹnì kan ò lè dá gbé owó. Tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fọwọ́ sí i, ọ̀kan lè gbá gbogbo ẹ̀ lọ kí èkejì tó jí. Joint ni wọ́n ń pe méjèèjì. Kí ẹ lọ béèrè èwo ni tiyín.

Bó ṣe rí nídìí ilẹ̀ náà nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti léwu jù. Tí ìwé ilẹ̀ bá sọ pé èèyàn méjì jẹ́ joint tenants, kò sí ọ̀rọ̀ ayálégbé níbẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn méjèèjì ló ni gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, kò sẹ́ni tó ní apá kan lọ́tọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, ilẹ̀ náà di ti ẹni tó kù, àwọn ọmọ olóògbé ò ní nǹkan kan níbẹ̀, bàbá wọn ì báà kọ ìwé ìhágún tó gùn tó ọ̀nà Ìkòròdú. Tó bá jẹ́ tenants in common ni wọ́n kọ, kálukú ló ní ìpín tiẹ̀, ó sì lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Fún tọkọtaya, ti àkọ́kọ́ lè dáa gan-an. Fún ọ̀rẹ́ méjì tó dáwó ra ilẹ̀, kí wọ́n ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ ẹbí tó jẹ́ tìdílé ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀ o, kò sí nínú èyí.

"Ṣé mi ò wá lè dúró fún Ìyá Ìbejì mọ́ ni?"

Mo ní ó lè dúró. Onídùúró lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n kọ iye tí òun dúró fún sínú ìwé, kó má kọjá ibẹ̀. A jọ kọ ọ́ sórí bébà funfun kan, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́lẹ̀ kedere, pé ₦250,000 péré ni, kò gbọdọ̀ lé.

Lọ́jọ́ Ajé ó mú un lọ síbẹ̀. Ọmọdékùnrin tó wà nídìí tábìlì ní fọ́ọ̀mù àwọn ò ṣeé fi nǹkan kún, bí gbogbo èèyàn ṣe ń fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ méjèèjì padà, ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Sábó. Ó pe Ìyá Ìbejì sí ẹ̀yìn fírísà, ó ka ₦100,000 fún un látinú owó ẹja, láìsí fọ́ọ̀mù. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó ní kí ni kóun fi dúró fún un? Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dìde, àwọn oníbàárà ń wò wọ́n.